Ẹyin Lẹ́yìn Pikọ́ọ̀pù

Ìwé kékeré kan wà nínú àpò ilẹ̀kùn ọkọ̀ mi, irú èyí tí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ń lò, olójú-ewé 40. Epo ẹ́ńjìnnì ti ta sí ẹ̀yìn rẹ̀, erùpẹ̀ ọ̀nà oko sì ti sọ etí rẹ̀ di pupa. Ohun mẹ́ta péré ni mo kọ́kọ́ ń kọ sínú rẹ̀: ọjọ́, iye máìlì tí mo rìn, àti iye lítà tí ọkọ̀ gbà nígbà tí mo tún kún táǹkì rẹ̀. Ìparí ọdún 2024 ni mo bẹ̀rẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí mo kọ síbẹ̀, ìlà kan wà tó jẹ́ òun ni mo kọ́kọ́ fi bírò pupa yí po. Máìlì 120, lítà 29. Èyí tó wà lókè rẹ̀ jẹ́ máìlì 120, lítà 34. Ọ̀nà kan náà ni, ọkọ̀ kan náà, n kò sì tún ohunkóhun ṣe lára rẹ̀ láàárín ọjọ́ méjèèjì. Ẹyin ló wà lẹ́yìn ọkọ̀ lọ́jọ́ kejì.

Ọdún 2011 ni mo ra ọkọ̀ mi yìí, pikọ́ọ̀pù Tundra, tòkunbọ̀ tó ti lo ọdún mẹ́ta lọ́wọ́ ẹnìkan ní Amẹ́ríkà kó tó gúnlẹ̀ sí Èkó. Ẹ́ńjìnnì V8 ló gbé wá, lítà 5.7, táǹkì rẹ̀ sì ń gba nǹkan bíi lítà 100. Náírà 65 ni lítà kan nígbà náà. Bí mo bá ti ní ₦6,500 lápò, mo lè kún un dẹ́nu, kí n sì gbàgbé ọ̀rọ̀ epo. Lọ́jọ́ kìn-ín-ní ọdún 2012, wọ́n gbé e fò sí ₦141, ìlú dìde, òṣìṣẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì fà á wálẹ̀ sí ₦97. Ó di ₦145 ní 2016. Lẹ́yìn náà ni 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 dé, tí Ààrẹ Tinubu sọ lójú agbo ìbúra rẹ̀ pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, ó ti di ₦488 ní Èkó. Oṣù kẹwàá ọdún 2024 ló wọ ₦998 níbẹ̀, tó sì kọjá ₦1,000 ní Àbújá. Táǹkì tí mo ń fi ₦6,500 kún wá di èyí tó ń gba nǹkan bíi ₦100,000 nígbà náà.

Àwọn ọ̀rẹ́ ní kí n tà á. Ìyàwó mi náà sọ ọ́, kò sì sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n oko mi wà lẹ́yìn Ìsẹ́yìn, ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo ló wà níbẹ̀, ọ̀nà tó wọ inú oko gan-an sì jẹ́ irú èyí tí ọkọ̀ kékeré máa ń wọ́ ikùn mọ́lẹ̀ lórí rẹ̀. Bí mo bá ta Tundra, owó ọkọ̀ akẹ́rù ni n óò máa san, owó ọkọ̀ akẹ́rù náà sì ti di ohun tó ń mú kí àgbẹ̀ jókòó ti ẹ̀gẹ́ rẹ̀ nínú oko, kó máa wò ó bó ṣe ń le sí i nílẹ̀. Ó di dandan kí n mọ ohun tí ọkọ̀ yìí ń ṣe pẹ̀lú epo tí mo ń rà sí i.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe, mo kábàámọ̀ rẹ̀. Ẹnìkan ta ẹ̀rọ pélébé kan fún mi, ó ní kí n kì í bọ abẹ́ sítíárì, iná kékeré kan á máa ṣẹ́jú lára rẹ̀, epo á sì dínkù. Iná náà ń ṣẹ́jú lóòótọ́. Nígbà tó yá ni mo kà pé EPA, àjọ tó ń mójútó àyíká ní Amẹ́ríkà, ti yẹ irú àwọn ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wò, wọ́n lé ní 100, wọn kò sì rí ọ̀kan tó dín epo kù dé ìwọ̀n tó nítumọ̀. Owó tí mo fi rà á tó ra epo tí n bá fi lọ oko. Ó dùn mí, ìdí nìyẹn tí mo fi ra ìwé olójú-ewé 40 náà. Mo fẹ́ kí ohun yòówù tí ẹnikẹ́ni bá tún wí máa rí ibi tí a ó ti yẹ̀ ẹ́ wò.

Bí a ṣe ń wọ̀n ọ́n kò le. Kún táǹkì títí tí ẹnu ọ̀pá epo yóò fi já fúnra rẹ̀, kọ iye tó wà lójú máìlì, rin ìrìn rẹ, padà sí ilé epo kan náà, kí o tún kún un títí tí yóò fi já. Lítà tó wọlé lẹ́ẹ̀kejì ni lítà tí o jó. Ẹ̀ẹ̀kan kò tó, nítorí mítà ilé epo lè máà sọ òótọ́, ilẹ̀ tí ọkọ̀ dúró lé sì lè dagun. Ó kéré tán, ẹ̀ẹ̀mẹta ni kí a tó gbà á gbọ́. Ìrìn mi láti ilé ní Ìbàdàn dé oko, àlọ àtàbọ̀, jẹ́ máìlì 120 lójú ọkọ̀, nítorí máìlì ni ọkọ̀ Amẹ́ríkà ń kà. Kìlómítà 193 nìyẹn. Lítà 39 ló jó lọ́jọ́ kìn-ín-ní, ó sì jó bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì àti lẹ́ẹ̀kẹta. Lítà kan kò gbé mi dé kìlómítà 5. Bí àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe ń kà á, máìlì tí kò pé 12 lórí gálọ́ọ̀nù wọn ni, bẹ́ẹ̀ nǹkan bíi 15 ni wọ́n kọ fún irú ọkọ̀ yìí nílé wọn, títì àti ìgboro pa pọ̀. Ohun kan ń bẹ lára ọkọ̀ mi tó ń mu epo láìjẹ́ kí n mọ̀.

Mẹkáníìkì mi ló rí i. Iṣẹ́ mìíràn ló wá ṣe, ó kàn yọjú wo díáàlì ni, ó sì dákẹ́.

“Dádì, ìgbà wo ni ọwọ́ ìgbóná yìí ti ń dúró nísàlẹ̀ báyìí?”

Mo ní ó ti pẹ́, mo ní ọkọ̀ mi kì í gbóná rárá. Mo tilẹ̀ máa ń fi èyí yangàn. Ó mi orí. Ó ní, “Wọ́n ti yọ támósítáàtì rẹ̀, sà.”

Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹnìkan ti yọ ọ́ lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn nígbà tí omi ọkọ̀ ń jò, ó ní ilẹ̀ wa gbóná, ó ní ohun tí àwọn tó ń gbé inú yìnyín ń lò ni. Ọ̀pọ̀ nínú wa la ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí, tí a sì gbà á. Nígbà tí a ra tuntun, mẹkáníìkì mi kò kàn fi sí i. Ó ní kí n wá wò ó. Ó da omi sínú agolo mílíìkì ńlá, ó gbé e ka sítóòfù, ó so támósítáàtì náà mọ́ wáyà, ó rì í sómi. Ohun kékeré ni, kò kún ọwọ́, bàbà àti irin pẹ̀lú sípíríńgì tó yí i ká, ó pa ẹnu dé pinpin. A dúró. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ èéfín. Kó tó hó, àárín nǹkan náà rọra dìde fúnra rẹ̀, bí ẹni tó ń la ojú, omi gbígbóná sì gba ibẹ̀ kọjá. Ó yọ ọ́ síta, ó gbé e sórí pákó, ẹnu rẹ̀ sì tún padé díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń tutù. “Ṣé ẹ rí i?” ló wí. Mo rí i.

Ibodè ni. Títí tí omi inú ẹ́ńjìnnì yóò fi gbóná dé nǹkan bíi 80°C, kò ní jẹ́ kó lọ sínú rẹ́díétọ̀ lọ tutù. Bí a bá yọ ọ́, omi á máa lọ, á máa bọ̀, ẹ́ńjìnnì kò ní gbóná dé ibi tó yẹ kó gbóná dé. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ á wò ó, á rí i pé ara rẹ̀ tutù, á sì máa bu epo lé epo fún un gẹ́gẹ́ bó ṣe ń ṣe ní kùtùkùtù òwúrọ̀. Ọdún mélòó ni ẹ́ńjìnnì mi fi ń lọ Ìsẹ́yìn tó ń rò pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun? Ọwọ́ ìgbóná tí mo ń yangàn sí, òun gan-an ló ń sọ fún mi lójoojúmọ́, n kò gbọ́ èdè rẹ̀.

Ìyókù kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìwé pélébé kan wà lára férémù ilẹ̀kùn awakọ̀ tó sọ iye afẹ́fẹ́ tó yẹ kó wà nínú táyà. Ọdún 13 ni mo ti ń ṣí ilẹ̀kùn yẹn, n kò kà á rí. Fọkanáísà ń fi ẹsẹ̀ ta táyà, ó ń ní ó ti tó. Nígbà tí mo ra gẹ́ẹ̀jì tèmi, méjì nínú mẹ́rin wà ní 22, bẹ́ẹ̀ 30 ni ìwé ní ó kéré jù. Mo fi ọwọ́ kan rìímù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́jọ́ kan tí mo dé láti oko, mẹ́ta lọ́ wọ́ọ́rọ́, ti ẹ̀yìn lọ́wọ́ òsì fẹ́rẹ̀ẹ́ jó mi níka. Bíréékì rẹ̀ ń há, ó ń di ọkọ̀ mú pẹ́pẹ́ láti Ìbàdàn dé oko. Mo tún kó ẹrù tí kò níṣẹ́ kúrò lẹ́yìn ọkọ̀: jẹnẹrétọ̀ tó ti kú, irin ilé tí a kọ́ tán, táyà àlòkù méjì, àti àpò yanrìn kan tí n kò rántí ẹni tó gbé e síbẹ̀. Mo pààrọ̀ fílítà afẹ́fẹ́ nítorí eruku ọyẹ́, ìyẹn kò yí iye lítà padà, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ń fà dáadáa sí i. Lítà 39 di 34. Inú mi dùn, mo rò pé mo ti dé òpin ohun tí ènìyàn lè ṣe.

Ìgbà náà ni àbúrò mi obìnrin, tó ń ta ẹyin ní ọjà Bódìjà, bẹ̀ mí pé kí n bá òun gbé òròmọdìẹ lọ fún ọlọ́sìn adìyẹ kan lẹ́bàá oko mi, kí n sì bá òun kó ẹyin bọ̀. Òròmọdìẹ ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n, nínú páálí oníhò, wọ́n ń ké fíófíó lórí ìjókòó ẹ̀yìn. Bí mo bá tẹ bíréékì lójijì, igbe wọn á yí padà. Bí mo bá ta mọ́ kòtò, àbúrò mi á fi ọwọ́ méjèèjì di páálí mú, á ní, “Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́.” Nígbà tí a ń bọ̀, kíréètì ẹyin 60 wà lẹ́yìn, lórí àpò àgbàdo, a fi okùn dì í. Ẹyin 1,800. N kò lè sáré. Mo ń wo ọ̀nà jìnnà ju bí mo ṣe máa ń wò ó lọ. Bí mo bá rí i pé ọkọ̀ tó wà níwájú ń dúró, mo ti gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù tipẹ́. Máìlì 55 ni mo ń sá níbi tí mo ti máa ń sá 75. Ẹyin mẹ́rin péré ló fọ́. Mo yà sílé epo, mo kún táǹkì, ẹnu ọ̀pá sì já nígbà tí lítà di 29.

Mo rò pé mítà ilé epo ló bàjẹ́. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo tún wa ọkọ̀ lọ bẹ́ẹ̀, láìsí ẹyin, mo kàn ṣe bí ẹni pé ó wà níbẹ̀. Lítà 29.

Pikọ́ọ̀pù ńlá dà bí ilẹ̀kùn tí a gbé dúró tí a sì ń tì síwájú. Iwájú Tundra ga dé àyà mi. Bí ìsáré bá di ìlọ́po méjì, agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń dènà ọkọ̀ á di ìlọ́po mẹ́rin. Láti máìlì 55 sí 75 lásán, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Afẹ́fẹ́ ni mo ń ra epo fún. Èyí tó kù, ìdí bíréékì ló ń parẹ́ sí: gbogbo ìgbà tí mo bá tẹ̀ ẹ́, epo tí mo ti san owó rẹ̀ ni mo ń sọ di ooru lára irin. Awakọ̀ tó ń tẹ tọ́tù tagbára, tó tún ń tẹ bíréékì tagbára, ìlọ́po méjì ló ń san.

Èyí tó wá gbé mi lọ́kàn jù ni àkókò. Ọ̀nà Mọ́níyà sí Ìsẹ́yìn tí wọ́n ṣe tuntun, tí wọ́n ṣí ní 2021, jẹ́ kìlómítà 65. Ó dán, ó ń pe ènìyàn pé kó sáré. Mo jókòó, mo ṣírò rẹ̀. Bí mo bá sá 75, ìṣẹ́jú 32 ni. Bí mo bá sá 55, ìṣẹ́jú 44. Ìṣẹ́jú 12 ni gbogbo eré náà ń fún mi. Mo bi ara mi léèrè ohun tí mo ń fi ìṣẹ́jú 12 yẹn ṣe. Lọ́pọ̀ ìgbà, mo ń gbé e lọ dúró nínú sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ Ọ̀jọ́ọ̀ ní Ìbàdàn, ẹ́síì ń ṣiṣẹ́, ẹ́ńjìnnì ń kùn, ọkọ̀ kò sún síwájú. Irú ẹ́ńjìnnì yìí lè jó tó lítà 2 láàárín wákàtí kan tó bá dúró bẹ́ẹ̀. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, mo á dé oko kí àwọn òṣìṣẹ́ tó dé, mo á jókòó sábẹ́ igi káṣú, mo á máa wo fóònù. Mo ń fi nǹkan bíi ₦5,000 ra ìjókòó abẹ́ káṣú. Ojú tì mí, mo fẹ́ kí ẹni tó ń ka èyí mọ̀ pé ojú tì mí lóòótọ́, nítorí iye yẹn sún mọ́ owó iṣẹ́ òòjọ́ ẹnìkan nínú àwọn tó ń bá mi ro oko.

Mo rántí bàbá mi. Awakọ̀ Bedford ni, onípákó lára, ó ń kó iṣu láti Ṣakí. Òun ló kọ́ mi pé bí ọkọ̀ bá ti ń sọ̀ kalẹ̀, kí n fi jíà sí fíríì, kó máa yí lọ fúnra rẹ̀, kí epo má baà lọ. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ ṣì ń ṣe bẹ́ẹ̀ títí di òní. Mo ṣe é fún ọdún púpọ̀. Ọgbọ́n ọkọ̀ ìgbà tirẹ̀ ni. Ọkọ̀ tí kọ̀ǹpútà ń darí yàtọ̀: bó bá wà nínú jíà tí ẹsẹ̀ sì kúrò lórí tọ́tù, táyà ló ń yí ẹ́ńjìnnì, kọ̀ǹpútà á sì dá epo dúró pátápátá títí tí eré yóò fi rọlẹ̀. Bí mo bá fi sí fíríì, ó di dandan kó máa fún ẹ́ńjìnnì lépo kó má baà kú. Fíríì tí mo ń fi pa epo mọ́, òun ló ń jẹ ẹ́, ó sì ń gba ìrànwọ́ tí ẹ́ńjìnnì ń ṣe fún bíréékì lọ́wọ́ mi lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Bákan náà ni iná òwúrọ̀. Bàbá mi á dá iná Bedford, á lọ fọ ẹnu, á mu ẹ̀kọ, kó tó gbéra. Tèmi kò nílò ju ààbọ̀ ìṣẹ́jú lọ. Kí n kàn rọra wà á títí ara rẹ̀ yóò fi yá. Ó ń wù mí kí n lè sọ èyí fún un. Mo mọ̀ pé yóò jiyàn dáadáa, lẹ́yìn náà yóò ní kí n gbé ìwé àkọsílẹ̀ yẹn wá kí òun wò ó, nítorí ẹni tó ń ka jálá kan epo bí ẹni ń ka owó ni.

Lítà 29 fún máìlì 120 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 7 lórí lítà kan. Mo ti gbìyànjú láti fà á kọjá ibẹ̀, kò lọ. Lítà 5.7 ni ẹ́ńjìnnì yìí, ọkọ̀ kékeré ṣì ń rìn ní ìlọ́po méjì rẹ̀ lórí epo kan náà. Ìyàwó mi ló wá bi mí ní ìbéèrè tí n kò bi ara mi. Ó ń wo ìwé náà lálẹ́ ọjọ́ kan, ó ní, “Bàbá wọn, nígbà tí ẹ ń lọ, kí ló wà lẹ́yìn ọkọ̀?” Mo ní kò sí nǹkan. “Nígbà tí ẹ ń bọ̀ ńkọ́?” Mo ní nígbà mìíràn àpò mẹ́ta, nígbà mìíràn kò sí. Ó pa ìwé dé. Ó ní, “Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀.”

Ọkọ̀ tó lè gbé 600 kìló, òfìfo ni mo ń wà lọ, nígbà mìíràn òfìfo náà ni mo ń wà bọ̀. Mo bá àwọn ará oko tó múlé gbè mí sọ̀rọ̀. A fẹnu kò sí Ọjọ́bọ̀. Ẹni tó bá ní gààrí, ẹni tó bá ní èlùbọ́, ẹni tó bá ní àgbàdo, kó gbé e sí ẹ̀bá ọ̀nà kí agogo mẹ́fà tó lù. Ajílẹ̀ àti ohun èlò tí wọ́n bá fẹ́ láti Ìbàdàn, mo á gbé e lọ fún wọn nígbà tí mo bá ń lọ sí oko. Olúkúlùkù ń dá owó epo níwọ̀nba ẹrù rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni mo ń lọ báyìí. Ìyá kan tó ń dín gààrí sọ fún mi pé iye tí òun ń san fún mi kò tó ìdajì èyí tí òun ń san tẹ́lẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ àwọn ọmọ mi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń ṣàdúrà fún wọn.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, àpò 12 ló wà lẹ́yìn. Mo yí ọkọ̀ ká pẹ̀lú gẹ́ẹ̀jì kí oòrùn tó yọ, mo fi afẹ́fẹ́ kún ti ẹ̀yìn méjèèjì, mo ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn pa, mo sì rọra gbéra. Mo ti fi òpó kẹrin kún ìwé náà, ti iye àpò. Mo kọ ọ́ nílé epo, lórí sítíárì: máìlì 120, lítà 33, àpò 12.